Ọkọ̀ Ológun Tó Ń Jo Ọ́ìlì: Ìtàn Láti Bọ́mà Dé Ìsọlọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kíkà dùn mọ́ yín ju gbígbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí bí mo ṣe sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ti bo ohùn mi nìkan ni mo yọ kúrò.

Ìtàn tòní dá lórí òrùka rọ́bà kan tí ènìyàn lè tì bọ àpò ṣòkòtò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó dá ọ́ìlì dúró sẹ́yìn irin tó ń yí. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní ọ́ìlì síìlì. Bó ṣe kéré tó yẹn, òun ni mo fẹ́ fi tọpa ogun méjì, àwọn bàbá wa tó lọ sí Bọ́mà, bọ́lẹ̀kájà àti mólúè, àti ìmọ̀ kan tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà mẹkáníìkì ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, tó ṣeé ṣe kó bá wọn lọ bí a kò bá jókòó tì wọ́n.

Ọkọ̀ tí ìyá kò fẹ́ kí wọ́n tà

Ọkọ̀ tí mo ń sọ jẹ́ Land Rover gígùn, irú tí wọ́n ń pè ní Series III, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láàrin 1971 sí 1985. Ọkọ̀ ológun ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ àlòkù síta fún gbàǹjo, sójà kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì rà á, ó kùn ún ní funfun, torí pé ọ̀dà ológun kì í ṣe ohun tí aráàlú ń kùn sára ọkọ̀. Bàbá náà ti di olóògbé báyìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Ìsọlọ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà.

Láàrin ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì difiréńṣà ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló tún jò. Kì í ṣe mẹkáníìkì kan náà ló ṣe é. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà bá dúró sí ló ń fi àmì dúdú sílẹ̀, onílé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ nítorí ilẹ̀ tí ó lẹ́ símẹ́ńtì sí. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti dá owó lé e. Ọmọ bàbá náà sọ fún mi pé bó bá tún jò, òun yóò jẹ́ kí wọ́n wá gé e.

Ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Ìyá ní ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi sáré gbé òun lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí òun bí àbígbẹ̀yìn, ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì fi gbé bàbá wọn lọ sí ìlú rẹ̀ fún ìsìnkú. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ọ́ìlì nìkan.

Kí ni difiréńṣà ń ṣe?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ fojú inú wo àwọn ènìyàn mẹ́rin tó di ọwọ́ ara wọn mú lọ́wọọ̀wọ́, tí wọ́n ń jó yípo níbi ìnáwó. Ẹni tó wà ní inú ń sún ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó wà ní òde pátápátá ń sáré kí ìlà má baà já. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ọkọ̀ ń ṣe bí a bá yà ní kọ́nà. Táyà òde ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Bí ó bá jẹ́ pé irin kan ṣoṣo ló so àwọn méjèèjì pọ̀ gbagidi, ọ̀kan nínú wọn yóò máa fà nílẹ̀, táyà yóò jẹ, irin yóò sì kán.

Ará Faransé kan tó ń ṣe aago, Onésiphore Pecqueur, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ láàrin 1827 sí 1828 fún ètò gíà tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ̀ tí ooru omi ń tì. Ètò yẹn ló wà nínú ìkòkò irin tí ẹ máa ń rí láàrin táyà ẹ̀yìn lọ́rì àti jíìpù títí di òní. Òun là ń pè ní difiréńṣà. Agbára ẹ́ńjìnnì ń gba inú ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n ń pè ní pùròpẹ́là wá sẹ́yìn, ó ń wọ inú ìkòkò náà, gíà kékeré tó ń jẹ́ píníọ̀nù ń yí gíà ńlá, gíà ńlá ń pín agbára sí ọ̀tún àti òsì.

Àwọn gíà yìí ń fi eyín gbo ara wọn gan-an, nítorí náà inú ọ́ìlì tó ki ni wọ́n ń gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbóòórùn ọ́ìlì gíà rí mọ̀ pé ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìmí-ọjọ́ tí wọ́n fi sí i ló fà á, òun ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin nígbà tí ẹrù bá wúwo.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ìkòkò náà. Píníọ̀nù gbọ́dọ̀ yọ orí síta kó lè so mọ́ pùròpẹ́là, kó sì máa yí. Bí irin tó ń yí bá yọ síta nínú ìkòkò tó kún fún ọ́ìlì, ọ́ìlì fẹ́ bá a jáde. Awọ ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe síìlì tó ń dá a dúró. Wọ́n á rẹ awọ náà sínú ọ́ìlì kí ó rọ̀ kí wọ́n tó fi sí i. Rọ́bà tí ọ́ìlì kì í jẹ ló gbapò awọ lẹ́yìn náà. Etí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti sípíríǹgì tó dì í mú, àwọn ló dúró láàrin ọ́ìlì àti ilẹ̀ símẹ́ńtì onílé Ìsọlọ̀.

Ogun Hítílà àti jíìpù

Báwo ni àwọn ará ilẹ̀ wa ṣe mọ irú iṣẹ́ yìí? Mọ́tò ti dé Nàìjíríà kí ogun tó dé. Ṣùgbọ́n ogun kejì tó kárí ayé, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Hítílà, ló mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà ogun yẹn, ilé-iṣẹ́ Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nǹkan bí 250,000 lọ́rì fún àwọn ológun. Ní Amẹ́ríkà, Willys àti Ford ṣe jíìpù tó lé ní 600,000. Gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí ń fẹ́ ẹni tí yóò wà wọ́n àti ẹni tí yóò tún wọn ṣe, kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ni wọ́n kó jọ fún iṣẹ́ náà.

Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí ojú ogun Bọ́mà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82. Àárín àwọn òkè àti igbó ni wọ́n rán ẹgbẹ́ 81 lọ, ní àfonífojì Kaladan, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò rárá. Àwọn sójà wa fúnra wọn ló la ọ̀nà jíìpù kan tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè wọ̀nyẹn láàrin òpin 1943 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1944. Wọ́n sọ ọ̀nà náà ní West African Way. Ibi tí ọ̀nà yẹn parí sí, orí ni wọ́n fi ru ẹrù láti ibẹ̀ lọ, bí ìgbà tí wọ́n wà ní ọjà ìlú wọn, bàálù sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn.

Isaac Fadoyebo wà níbẹ̀. Ọmọ Ẹmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́jú ìlera. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan yìnbọn lù wọ́n létí odò Kaladan, ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìdílé àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀ ló fi òun àti ẹnì kejì rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù títí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi padà dé. Ó padà sílé, ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà láyé títí di 2012. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ìtàn ẹni ọ̀nà jíjìn ni mo ń sọ.

Orúkọ ibi ìjà wọ̀nyẹn ṣì wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ ní Èkó. Ẹni tó bá ń lọ sí Àpápá mọ Arakan Barracks. Ẹni tó bá mọ Obálendé ti gbọ́ Dodan Barracks. Myohaung Barracks wà ní Yábà. Ilẹ̀ Bọ́mà ni gbogbo orúkọ yẹn ti wá. Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ ń ké wọn láì mọ̀ pé ibi tí àwọn bàbá wa ti kú ni.

Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn tó padà wá kò padà wá lọ́wọ́ òfo. Àwọn kan ti di dẹ́rẹ́bà, àwọn kan ti mọ bí a ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí a sì ń tò ó padà. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá ilé ìtọ́jú Igbóbì sílẹ̀ fún, èyí tó wá di ilé ìwòsàn egungun tí gbogbo wa mọ̀. Níhìn-ín ní Òṣòdì ni ibùdó tí àwọn ológun wa ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wà, ìyẹn Nigerian Armed Forces Resettlement Centre. Títún ọkọ̀ ṣe wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń gba ọ̀nà Òṣòdì kọjá láti ọjọ́ yìí, tí ẹ sì ń rí ọgbà náà, ẹ mọ̀ báyìí pé inú irú ìtàn yìí ló ti wá.

Ọkọ̀ tí jíìpù bí

Land Rover fúnra rẹ̀, ọmọ ogun yẹn ni. Maurice Wilks, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Rover, ní jíìpù àlòkù ológun kan tó ń lò lóko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey. Ó rò pé àwọn náà lè ṣe irú rẹ̀ fún àgbẹ̀. Irin líle ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà. Wọ́n gbé e jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam ní oṣù kẹrin 1948.

Ohun tí wọ́n ṣe fún àgbẹ̀, ológun àti ọlọ́pàá ló tètè rà á. Ó dé gbogbo ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Nígbà tí ogun abẹ́lé wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967, Land Rover wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn ológun ń lò. Kí ogun náà tó parí ní oṣù kìíní 1970, àwọn ológun Nàìjíríà ti pọ̀ láti nǹkan bí 10,000 dé nǹkan bí 250,000. Ẹ rò ó wò: ènìyàn mélòó ló kọ́ ọkọ̀ wíwà àti àtúnṣe ọkọ̀ láàrin ọdún méjì ààbọ̀ yẹn, nínú ẹrẹ̀, láì sí ibi tí wọ́n ti lè ra pááàtì?

Lẹ́yìn ogun, epo rọ̀bì mú owó wọlé, ìjọba sì fẹ́ kí a máa to ọkọ̀ jọ nílé. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, 1975 ni àwọn méjèèjì. Leyland dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń to Land Rover jọ níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe nígbà yẹn kí ọmọ Ìbàdàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ di bóòtì difiréńṣà tuntun. Lónìí, púpọ̀ nínú pááàtì tí à ń fi tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́ tòkunbọ̀ láti ọjà Ládìpọ̀ tó wà nítòsí wa, tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń pè ní Belgium láì ka orílẹ̀-èdè tó ti wá sí.

Irin òyìnbó, pákó tiwa

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ lọ́rì. Lẹ́yìn Ogun Hítílà, Bedford àti Austin gbòde. Ẹ́ńjìnnì, férémù àti difiréńṣà ló ń ti òkè òkun wá. Káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, ọ̀ńyàwòrán ń kọ òwe àti àdúrà sí i lára. Bọ́lẹ̀kájà nìyẹn. Àwọn èrò ń jókòó kojú síra wọn, eékún ń gbá eékún, ìjà kò sì pẹ́ ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń sọ pé kí ẹni náà sọ̀ kalẹ̀ ká jà.

Mólúè tẹ̀ lé e. Férémù lọ́rì Mercedes 911 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ irin wa ló sì ń fi páànù kan ilé lé e lórí. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2008, ọjọ́ mólúè ti ń lọ. Àwa tí a dàgbà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìtàn ẹnu ni púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ fún wa. Òṣòdì ni ọ̀kan nínú ibùdókọ̀ tí orúkọ rẹ̀ àti ti mólúè kò ṣeé yà nípa.

Lára ọkọ̀ wọ̀nyí ni ọ́ìlì tó ń jò ti di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Bí síìlì ẹnu píníọ̀nù bá jò, ilẹ̀ ló ń bàjẹ́, bí a kò bá sì tètè mọ̀, ọ́ìlì yóò tán, gíà yóò jẹ ara wọn. Ṣùgbọ́n síìlì mìíràn wà ní ìdí táyà. Bí ìyẹn bá jò, inú ìlù bíréèkì ni ọ́ìlì gíà ń wọ̀. Bíréèkì tó mu ọ́ìlì kì í mú ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ tó kún fún èrò, lórí afárá, tí táyà kan ń dúró tí èkejì ń yọ̀, ẹ mọ ibi tí ìyẹn ń parí sí. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í sọ pé jíjò díẹ̀ kò burú. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tó ti ń jò gan-an.

Ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá

Ẹnì kan ló júwe àgbà mẹkáníìkì kan fún ọmọ olóògbé náà, láàrin Òṣòdì sí Ìsọlọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ jẹ́ sójà tó tún ọkọ̀ ṣe nígbà ogun abẹ́lé. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi lọ, mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó sórí táyà kan.

Bàbá kò wá súpánà. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀.

“Ṣé ó máa ń jò bó bá dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ kan?”

Onímọ́tò ní rárá o, Bàbá.

“Bó bá lọ sí Muṣin kó padà ńkọ́?”

Ó ní ìyẹn náà kò fi bẹ́ẹ̀ jò.

“Ìgbà wo ló wá ń jò?”

Ó ní ìgbà tí òun bá wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn ni. Bí òun bá ti Abẹ́òkúta dé, ńṣe ni gbogbo abẹ́ rẹ̀ máa ń tutù fún ọ́ìlì.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, rọ́bà tó ti já kì í yan ọjọ́ tí yóò jò. Èyí ń dúró de ooru.”

Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi kẹrosíìnì fọ abẹ́ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ọ́ìlì kiri, ibi tó bá ti rí dúdú jù kọ́ ni orísun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ìka wá orí irin tó gbé difiréńṣà náà. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ bí orí bóòtì, ihò sì wà lára rẹ̀. Imú ni Bàbá ń pè é. Ihò yẹn ni ìkòkò náà fi ń mí. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, gíà ń gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń wú, ó ń gba imú náà jáde. Bí imú bá dí, afẹ́fẹ́ yóò wá ọ̀nà mìíràn, ibi tó sì rọ̀ jù lọ ni yóò gbà. Etí rọ́bà ni ibi tó rọ̀ jù lọ yẹn.

Ọmọ iṣẹ́ kan tú imú náà, Bàbá gbà á, ó mì í létí rẹ̀, ó sì gbé e sí etí mi. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan ló yẹ kó máa ró nínú rẹ̀. Kò ró. Ọ̀dà dúdú ti dì í pa.

Ibẹ̀ ni ìtàn ti já. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn, àwọn ọmọ dá owó jọ láti tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó lè pẹ́. Lára ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà dípẹtà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ń kùn ún kò mọ imú, ó kùn ún mọ́ gbogbo irin yòókù. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ náà kò ti rí èémí mí.

Iṣẹ́ kò tíì tán o. Bàbá ní kí wọ́n tú bóòtì mẹ́rin tó so pùròpẹ́là mọ́ ọn, kí wọ́n fa pín-ìnnì tó di nọ́ọ̀tì àárín mú yọ, kí wọ́n sì sàmì sí nọ́ọ̀tì náà kí wọ́n tó tú u. Ó di orí píníọ̀nù mú, ó gbọ̀n ọ́n sókè sísàlẹ̀ láti mọ̀ bóyá bíárìn ti jẹ, nítorí pé kò sí síìlì tó lè dá ọ́ìlì dúró lára irin tó ń mì. Kò mì. Ó wá fi èékánná fa ibi tí etí rọ́bà máa ń jókòó sí lára irin. Ó ní kí n fi tèmi náà fà á. Èékánná mi há sínú ojú ìlà kan tó yí irin náà po. Rọ́bà tó ti ń fara gbo ibẹ̀ láti ọdún yìí wá ló gbẹ́ ẹ. Gbogbo síìlì tuntun tí wọ́n ń fi sí i, inú ìlà yẹn kan náà ni etí wọn ń bọ́ sí.

Ó fi gíríìsì pa etí síìlì tuntun, ó fi pákó lé e lórí, ó ń rọra gbá a yípo kí ó má baà wọ́. Kò gbá a dé ìdí pátápátá bí àwọn tó ṣáájú ti ṣe. Ó dá a dúró síbi díẹ̀, kí etí rọ́bà náà lè bọ́ sórí irin tó ṣì ń dán. Ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti kẹrosíìnì tú imú náà títí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Wọ́n rọ ọ́ìlì títí ó fi dé ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà rọ ọ́, wọn kò jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, torí pé àkúnjù náà ń fa jíjò.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n wa ọkọ̀ náà lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n wà á padà. Wọ́n tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, páálí gbẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, ó ṣì gbẹ. Àwọn oní-irin-àlòkù ti lọ wá nǹkan mìíràn.

Ohun tí mo ń rò

Mẹkáníìkì mẹ́ta tó kọ́kọ́ ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde ni wọ́n tún ṣe. Bàbá ní tirẹ̀ bèèrè ohun tó ń lé ọ́ìlì jáde. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò sí nínú àpótí súpánà ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́, ojú ogun ni ọ̀gá náà sì ti kọ́ ọ, níbi tí kò sí síìlì tuntun láti máa pààrọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí kò ní pááàtì gbọ́dọ̀ mọ ìdí ọ̀rọ̀.

A ní ibi tí a ń tọ́jú ọkọ̀ ìtàn sí. Mercedes dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan, pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́lé wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè rí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dúró lójú kan kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ bọ́ọ̀lù irin nínú imú tó dí. Ọwọ́ ènìyàn ni ìyẹn wà.

Mo bèèrè lọ́wọ́ Bàbá iye ọmọ iṣẹ́ tó ní. Ó ní méjì. Ó ní nígbà kan rí, mẹ́sàn-án ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò, kò sì bá wọn jà, torí pé ibẹ̀ ni owó wà. Ohun tó kàn sọ ni pé kọ̀ǹpútà kì í bá difiréńṣà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ni gbogbo wa rín, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà rín in.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá, bàbá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti wa lọ́rì, tó ti tún ọkọ̀ ológun ṣe, tàbí tó ti kan páànù mọ́ mólúè rí, ẹ tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ fóònù yín, ẹ jókòó tì í. Ẹ má kàn bi í nípa ogun nìkan. Ẹ bi í nípa ohun tó máa ń bàjẹ́, àti bó ṣe máa ń mọ̀.

Ó dìgbà kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kú ìgbádùn, ẹ sì máa wo abẹ́ ọkọ̀ yín.